Ẹnu Bàbá Sùlè àti Iná Ẹ́ńjìnnì

Lọ́jọ́ fìdáù bàbá àgbà mi, ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Òkè-Agbò dìde láàárín èrò, ó ní olóògbé jẹ́ onísùúrù, ẹlẹ́nu dídùn, ẹni tí kì í bá èèyàn jà. Àwọn tó jókòó ń mirí, wọ́n ń ṣe "Àmín, Àmín." Mo tẹjú mọ́ ọkùnrin náà títí ó fi jókòó. Òun yìí kan náà ni Bàbá lé jáde ní ìsọ̀ rẹ̀ lójú mi, tó ní kó kó páálí sẹ́ńsọ̀ ayédèrú rẹ̀ lọ sílé kó lọ fi ṣe ìrọ̀rí, nítorí tó bá jẹ́ orí ló fi ń sùn lé e, kò ní ba mọ́tò ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa. Àwa tí à ń ṣe Àmín náà mọ̀.

Irọ́ yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Bàbá àgbà mi ò ní sùúrù. Ẹnu rẹ̀ ò dùn. Ó fojú tín-ín-rín ìdajì àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ìdajì tó kù, kò tíì ráyè tiwọn ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, bó ṣe rí yẹn ló fẹ́ràn rẹ̀.

Sùlèmọ́nù Ọ̀nàfúwà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Sùlè ni gbogbo Àtìkórí, àdúgbò rẹ̀, mọ̀ ọ́n sí. Iṣẹ́ rewáyà ló ṣe láti kékeré: wáyà mọ́tò, bátìrì, iná, àti ohun gbogbo tí mẹkáníìkì kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Ìyá mi lọmọ rẹ̀ obìnrin. Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Àgó-Ìwòyè láti kọ́ físíìsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa gbé. Àárọ̀ ni mo ń jáde nílé rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń padà, tí kò bá sì sí ẹ̀kọ́, ìsọ̀ rẹ̀ ni mò ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ìjẹ̀bú ponbélé ló ń sọ. Mo ń yí i sí èyí tí gbogbo èèyàn gbọ́, ṣùgbọ́n "ìwẹ" tó máa ń fi pe èèyàn dípò "ìwọ", mi ò lè mú un kúrò. Ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kórìíra ju èébú lọ. "Máníìjì" ni. Bí oníbàárà bá ti lè ní, "Bàbá, ẹ ṣáà bá mi máníìjì rẹ̀," Bàbá á dá súpánà padà sínú agolo, á nu ọwọ́, á wọlé lọ kírun, bí kò tilẹ̀ tíì tó àsìkò ìrun. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún olóyè rí. Olóyè náà dúró nínú oòrùn pẹ̀lú fìlà rẹ̀ títí ó fi sú u, ó sì fi ìbínú wakọ̀ lọ. Nígbà tí Bàbá jáde, mo ní, "Bàbá, olóyè mà ni." Ó yọ ṣùtì ètè, ó ní, "Orí ni wọ́n fi ewé oyè lé. Wọn ò fi nǹkan kan sínú rẹ̀."

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá láti Orù, láti Àwà, títí dé ọ̀nà odò lọ́hùn-ún ní Ogun Waterside, ni ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò kan bá kú, onímọ́tò á ra tòkunbọ̀ mìíràn, mẹkáníìkì á gbé òkú yọ, á gbé alààyè sí i. Mọ́tò á jí, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, iná kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì á tàn níwájú awakọ̀, kò sì ní kú mọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sikánà ni wọ́n fi ń béèrè ohun tó ń bí iná náà nínú. Nọ́ńbà ni yóò fi dáhùn, kóòdù ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀sùn tó ń fi kan apá ibì kan nínú ẹ́ńjìnnì.

Àwọn mẹkáníìkì tí Bàbá kẹ́gàn jù ni àwọn tí kò lè pa iná náà, tí wọ́n sì ń sọ fún onímọ́tò pé kó má dá a lóhùn, pé ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ àlejò, kò tíì mọ ilé. Àwọn mìíràn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á tú iwájú mọ́tò, wọ́n á yọ gílóòbù iná yẹn kúrò tàbí kí wọ́n fi téèpù dúdú dí i, onímọ́tò á sì máa dúpẹ́ pé wọ́n ti wo mọ́tò òun sàn. Ọ̀kan nínú wọn wá kí Bàbá lọ́jọ́ kan, ó ń fi ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì àlejò yẹn ṣàlàyé fún un bí ẹni tó ń ka ìwé. Bàbá jẹ́ kó parí. Ó ní, "Ìwẹ, ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ìyàwó. Kò sí ohun tó ń jẹ́ kó mọ ilé ọkọ ná."

Ìyá àgbà mi, tí mò ń pè ní Màmá, ló fara gbá ẹnu yìí jù. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, bẹ́ẹ̀ ìkòkò epo dúdú ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀. Oníkálukú ti di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú láti ìgbà tí wọ́n fẹ́ra, kò sí ẹni tó yí ẹnì kejì. Ìjà wọn lórí ẹ̀sìn ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mọ́tò ló sì fà á. Ìjọ náà ní bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iná tàn. Màmá ní kí wọ́n gbé e wá fún Bàbá, wọ́n sì gbà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e wá, àwọn àgbà ìjọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì bu omi àdúrà lé ẹ́ńjìnnì lórí. Bọ́ọ̀sì náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe nígbà tó dé Àtìkórí. Bàbá so sikánà rẹ̀ mọ́ ọn. Ó wò ó. Ó yọ plọ́ọ̀gì kan, ó nà án sí wọn. Omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

Màmá dúró láàárín àwọn àgbà ìjọ. Mo ń fi ojú bẹ Bàbá kó má sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́. Ó ní, "Kóòdù kan ló wà níbí kí ẹ tó gbàdúrà. Méjì ni báyìí."

Màmá ò dáná fún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Gàárì ni Bàbá ń rẹ mu, kò bẹ̀ ẹ́, kò sì ráhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹun. Ọlọ́run tó fún yín lẹ́nu yẹn ló mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe." Bàbá fọ ọwọ́, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Èmi náà jẹ nínú rẹ̀. Ní ọdún kejì mi ní yunifásítì, mo fìdí rẹmi nínú ẹ̀kọ́ kan, ẹ̀kọ́ tó dá lórí iná mànàmáná gan-an. Mo dé ìsọ̀ pẹ̀lú ojú wíwú, mo ní olùkọ́ náà burú, pé ó ti mọ ẹni tó fẹ́ kó yege tẹ́lẹ̀ ni. Mo rò pé ó máa bá mi bú olùkọ́, nítorí kò sí ohun tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ju kó bú èèyàn lọ. Ó ní kí n mú ìwé ìdánwò wá. Kò lè ka òyìnbó rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ àwòrán wáyà. Ó fi ìka tó kún fún epo tọ ọ̀kan nínú àwòrán tí mo yà, ó ní kí n fi hàn òun ibi tí iná gbà padà sí bátìrì. Mo wò ó. Kò síbi tó gbà padà. Ó sọ ìwé náà sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Olùkọ́ ẹ ò burú. Ìwẹ lo ya ọ̀nà àlọ tí kò ní àbọ̀."

Olùkọ́ yẹn gan-an ló wá bá a lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì mọ̀ pé ilé mi ló wá. Dókítà ni wọ́n ń pè é, ó mọ ìwé lóòótọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ ní Ìbàdàn, kóòdù márùn-ún ló sì ń jáde: ọ̀kan ń fẹ̀sùn kan atẹ́gùn tó ń wọlé, ọ̀kan ń fẹ̀sùn kan ooru omi, àwọn mẹ́ta yòókù ní tiwọn. Ó ti tẹ nọ́ńbà márààrún sórí ìwé, ó ti ra mẹ́rin tuntun nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń ròyìn ẹ́ńjìnnì fún kọ̀ǹpútà mọ́tò, wọ́n ti pààrọ̀ wọn. Iná ṣì ń tàn. Ó wá sọ fún Bàbá pé sẹ́ńsọ̀ karùn-ún ló kù, kó bá òun fi í sí i. Ó nawọ́ ìwé náà sí i.

Bàbá ò gbà á. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, èèyàn márùn-ún ló wá bá yín pé ara ń ro wọ́n. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹ lọ ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lóògùn?"

"Bàbá, ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò sọ ni mo tẹ̀ lé," ni olùkọ́ wí.

"Ta ló gbé ẹ́ńjìnnì náà sí i?"

"Mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn ni."

"Ẹ ò bi í ohun tó gbàgbé?"

Bàbá sùn sílẹ̀, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó sì nawọ́ sókè sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Kò ju kéèyàn jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, ó pè mí kí n wá wò ó. Wáyà pẹlẹbẹ kan rọ̀ dirodiro níbẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n dè é mọ́. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó so ara ẹ́ńjìnnì mọ́ ara mọ́tò kí iná lè rí ọ̀nà padà. Ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì sí i ò rántí dè é padà, gbogbo sẹ́ńsọ̀ wá ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ nítorí kò sí ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Bàbá ha ìpẹtà ara irin náà kúrò, ó dè é pinpin, ó pa kóòdù rẹ́, ó sì ní kí olùkọ́ wà á dé Màmú kó padà. Nígbà tó dé, kò sí iná kankan níwájú rẹ̀.

Mo ti fi ìwé bojú ní kọ̀rọ̀ ìsọ̀, mò ń gbàdúrà kí olùkọ́ má rí mi. Bàbá fi ìka gún páálí sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin tó sófo lórí àga ẹ̀yìn mọ́tò. Ó ní, "Ẹ̀sùn ni kóòdù, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ ti sọ ẹni mẹ́rin sẹ́wọ̀n, ẹ ò sì gbọ́ ẹjọ́."

Lọ́sẹ̀ kejì, olùkọ́ náà fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ wa ní kíláàsì, ó sọ ọ́ dáadáa, gbogbo wa kọ ọ́ sínú ìwé. Kò dárúkọ Bàbá. "Mẹkáníìkì kan" ló pè é. Láti ọjọ́ náà ni èmi náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń fojú tín-ín-rín èèyàn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo jókòó láti sọ gan-an nìyí, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lọ́jọ́ fìdáù tí kò sí ẹni tó lè gbé e jáde.

Nọ́ọ̀sì kan wà tí ilé rẹ̀ wà ní Àwà, tó ń ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní ìlú kékeré kan létí omi ní Ogun Waterside. Fọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá dábùú nínú aboyún, tí ọ̀rọ̀ ju agbára wọn lọ níbẹ̀, mọ́tò Nọ́ọ̀sì Fọlákẹ́ ni wọ́n fi ń gbé e wá sí ọsibítù ńlá. Àga iwájú ni aboyún máa ń jókòó sí, torí òun ló ṣeé rọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà. Ó wá sọ́dọ̀ Bàbá nítorí pé mọ́tò ń mu epo bíi ti ọ̀mùtí, ó sì ní òun ń gbóòórùn bí ìgbà tí aṣọ bá ń jóná, ṣùgbọ́n òun ò rí èéfín.

Bàbá jókòó síbi àga awakọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ láìjí ẹ́ńjìnnì. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Gbogbo iná iwájú mọ́tò ló yẹ kó tàn nígbà yẹn kí wọ́n tó kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń jẹ́ pé òun wà níbẹ̀. Bátìrì dáhùn. Ọ́ìlì dáhùn. Ti ẹ́ńjìnnì ò dáhùn. Bàbá tún yí i. Kò dáhùn.

Ó tú iwájú mọ́tò náà. Ojú ihò gílóòbù sófo, wọ́n sì lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn.

Ó ní, "Ta ló pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì yìí?"

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo ilẹ̀. "Bàbá, Músílíù ni."

"Músílíù wo?"

"Ọmọ yín."

Bọ̀dá Músílíù ni àkọ́bí Bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ kó tó lọ dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Orù. Bàbá yíjú sí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wá gílóòbù kan fi sí i, iná sì tàn lójú ẹsẹ̀. Kóòdù tó jáde ní ẹsẹ̀ kẹta ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan nínú àwọn ihò tí epo ti ń jó, kì í jó epo tirẹ̀. Ó lọ síbi àga iwájú, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè. Abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà, etí rẹ̀ kan ti dúdú. Ó ṣàlàyé fún Nọ́ọ̀sì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí: epo tí ẹsẹ̀ kẹta ò jó ń ṣàn lọ sínú sàlẹ́ńsà, ibẹ̀ ló ti ń jó, irin ibẹ̀ ti ń pọ́n bí ẹyín iná, abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú gan-an ló sì wà.

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Mo gbé obìnrin kan nínú rẹ̀ ní ọjọ́bọ̀."

Bàbá ò tún un ṣe. Ó ní kí Nọ́ọ̀sì àti èmi wọlé sẹ́yìn, ó wà á lọ sí Orù. Ọ̀sán gangan ni, ìsọ̀ Bọ̀dá Músílíù kún fún oníbàárà. Ó jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ó dọ̀bálẹ̀.

Bàbá ní, "Bọ́ bàtà ẹ. Wọlé síwájú."

"Bàbá, kí ló dé?"

"Mo ní kí o bọ́ bàtà."

Ó bọ́ ọ. Kápẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́yìn lọ́dọ̀ wa, irin lásán ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn. Bàbá gba Àwà kọjá, ó kọjú sí Àgó-Ìwòyè. Kò sáré. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iná iwájú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Bọ̀dá Músílíù yí ẹsẹ̀ kúrò lápá kan sí òmíràn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé méjèèjì sókè.

Bàbá ní, "Sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀."

"Bàbá, ó ń jó mi."

"Aboyún ló ń jókòó síbẹ̀ yẹn. Ṣé ó lè gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ sókè?"

Bọ̀dá Músílíù sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá tó yí mọ́tò padà. Nígbà tí a dé Orù, àwọn oníbàárà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti pọ̀ sí i. Bọ̀dá Músílíù jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Ojú tì í. Ó ní, "Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ kọ́ìlì, iná náà ò lọ. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí o sọ fún un pé o ò mọ̀ ọ́n," ni Bàbá wí. "Ṣé ìyẹn ló ṣòro?"

Ibẹ̀ náà ni Bàbá ti tún un ṣe, lójú gbogbo wọn. Ó tọ wáyà ẹsẹ̀ kẹta láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì rí i níbi tó ti há sáàárín ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fi ẹ́ńjìnnì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ bó, tó bá sì ti gbóná ni yóò máa kan irin. Ó yọ ọ́, ó so ó, ó sì dì í. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yí kọ́kọ́rọ́ padà láìjí i, gbogbo iná dáhùn. Ó jí i, gbogbo wọn kú. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀nà ilé, mo bú u. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ẹ lè bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ẹ dójú tì í láàárín àwọn oníbàárà tó ń bọ́ ọ." Mo ń retí kó pòṣé. Ó ń wo ojú ọ̀nà. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́? Èmi ni. Ẹsẹ̀ tèmi náà ló wà lórí irin yẹn."

Ó jàre, ó sì tún ṣe ju bó ṣe yẹ lọ, méjèèjì jẹ́ òótọ́. Àwọn oníbàárà sá fún Bọ̀dá Músílíù. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa fún oṣù mélòó kan, nígbà tó sì ṣí i, ẹni díẹ̀ ló padà. Kò wá sílé fún Iléyá fún ọdún mẹ́ta. Màmá ló máa ń fi ẹran ránṣẹ́ sí i. Bàbá máa ń rí i tí wọ́n ń di ẹran náà sínú ewé, á yí ojú sí ògiri. Kò bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ pé ẹlẹ́nu dídùn ni, kí ẹ rántí ìyẹn.

Àtọ̀gbẹ ló wá mú un ní ojú. Ní ọdún tó kẹ́yìn, kò lè rí wáyà tó bá kéré mọ́, ọwọ́ ló fi ń mọ̀ wọ́n. Kò ju oṣù kan ṣáájú ikú rẹ̀ lọ, Bọ̀dá Músílíù yọ sí ẹnu ọ̀nà wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì kan tí mo pààrọ̀ ń dà mí láàmú. Ẹ bá mi wò ó."

Bàbá fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ojú mi ò ríran mọ́."

"Ẹ jókòó tì mí ni."

A gbé e lọ sí Orù. Ó jókòó lórí táyà, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Ó ní kí Músílíù bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Músílíù ní òun ti yí kọ́kọ́rọ́, gbogbo iná dáhùn. Kóòdù ní atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Òun ò pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kankan. Wáyà ẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, òun ti fọwọ́ kàn án.

"Rọ́bà atẹ́gùn mélòó lo tú lára èyí tó kú?"

"Méje, Bàbá. Mo kà wọ́n. Méje ni mo sì dá padà sára tuntun." Ó ń ka wọ́n bó ṣe ń tọ́ka sí wọn. Nígbà tó ka méje tán, ó dúró. Ó tẹ̀ síwájú, ó nawọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ojú kì í dé. Ẹnu ihò rọ́bà kẹjọ wà lára ẹ́ńjìnnì tuntun náà, èyí tí ti àtijọ́ ò ní. Òfìfo ló wà, ó ń fa atẹ́gùn. Músílíù fi ìka dí i. Ẹ́ńjìnnì tó ti ń ṣe bákan bákan látìgbà tó ti jí i rọlẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fi ọmú sí lẹ́nu.

Gbogbo wa wo Bàbá. Mo mọ̀ pé ó máa rí èébú kan fi sí i. Ó nawọ́ sókè kí n fà á dìde. Ó ní, "Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ." Bọ̀dá Músílíù yíjú sápá kan, ó ń fi àkísà nu ọwọ́ kan náà léraléra.

Ó wá nǹkan dí ẹnu kẹjọ náà pa, ó pa kóòdù rẹ́, ó sì ní mọ́tò yẹn gan-an lòun máa fi gbé wa lọ sílé, kí òun lè mọ̀ bóyá iná á padà. Bàbá jókòó síwájú. Bàbá àgbà mi kì í sùn nínú mọ́tò ẹnikẹ́ni. Kódà tí wọ́n bá ń gbé e lọ sí Ìbàdàn, etí rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì, á máa bú ẹni tó tún un ṣe láti ìlú dé ìlú. Lọ́jọ́ náà, a ò tíì jáde ní Orù tán tí orí rẹ̀ fi yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ó hanrun títí dé Àtìkórí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, fìlà rẹ̀ já bọ́ sórí itan rẹ̀. Bọ̀dá Músílíù rọra ń wakọ̀, kò jẹ́ kí táyà kó sí ihò kan.

Nígbà tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ta jí. Ó rí i pé àwa méjèèjì ń wo òun.

Ó ní, "Ta ló ń sùn? Mò ń gbọ́ bírékì ẹ ni. Ti ẹ̀yìn lápá òsì ń ké. Ṣíọ̀! Iṣẹ́ jákujàku." Ó gba ọ̀pá rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Bọ̀dá Músílíù gbé mọ́tò náà sókè. Ó yọ táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó yọ ti ọ̀tún, ó yọ ti iwájú méjèèjì. Ó fọ gbogbo rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tó pè mí lórí fóònù, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín ni àbí ẹkún ló ń sun. Ó ní, "Rìsíkátù, kò sí ohun tó ṣe bírékì yẹn."